Ẹ̀wà Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tó Sọnù

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìkọ̀tún mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ìsọkúsọ nípa àkókò. Aago ni mo ń tún ṣe, ọdún kẹrìndínlógójì rèé, nínú ìsọ̀ kan tó jẹ́ pé tí oníbàárà méjì bá wọlé, èmi á bọ́ síta. Tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òun ń bọ̀ láìpẹ́, mo máa ń bi í pé láìpẹ́ yẹn tó ìṣẹ́jú mélòó. Wọ́n ní mo máa ń tètè bínú. Òótọ́ ni. Àwọn tí kì í tètè bínú ni wọ́n ń jẹ́ kí ayé máa pẹ́ lẹ́yìn.

Ìdí nìyẹn tí ara mi fi gbóná lọ́jọ́ tí Hephzibah jókòó tì mí nínú ìsọ̀, tó ní àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lókè òkun ti ń wọn bí nǹkan kan ṣe ń pẹ́ láyé tó láti ọjọ́ gbọọrọ, síbẹ̀ wọn ò rí i fẹnu kò. Hephzibah ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Físíìsì ló kà ní yunifásítì, òun náà ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹgbẹ́dá.

"Kí lorúkọ nǹkan ọ̀hún?" mo bi í.

"Nútírọ́ọ̀nù ni, Dádì. Ó kéré ju ohun tójú lè rí lọ. Ó wà nínú irin, ó wà nínú omi, ó wà nínú ẹran ara tiwa náà. Tó bá wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yọ ọ́ síta tó wá dá wà, kò ní pẹ́ tó máa fi túká, á di nǹkan mìíràn. Òmíràn á túká kíákíá, òmíràn á pẹ́ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó kàn. Tí a bá wá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ó máa ń súnmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Súnmọ́? Ó súnmọ́ ọn tó báwo?"

Ó rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé ibi tó ti máa dun bàbá òun nìyẹn. Ó ní ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n. Àwọn kan kó o sínú ohun èlò kan bí ìgò, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wá ka iye tó kù. Àwọn yẹn ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógójì. Àwọn kejì jẹ́ kó máa ṣàn kọjá, wọ́n sì ń ka ohun tó ń já bọ́ lára èyí tó bá túká. Àwọn yẹn ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú àáyá méjìdínláàádọ́ta.

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá!" Mo ju tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mi sílẹ̀. "Aago tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ṣìnà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣé aago nìyẹn? Kí wọ́n lọ tún un kà."

"Wọ́n ti tún un kà títí, Dádì. Wọ́n ní àfi kó jẹ́ pé ẹnìkan nínú wọn ń ṣe àṣìṣe kan tí kò tíì hàn, tàbí kó jẹ́ pé àwọn kan ń gba ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́ jáde."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó gbé e wá gan-an. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìwọ̀n yìí ní ibì kan lókè òkun fẹ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo kún ara wọn. Ó ku ènìyàn márùn-ún tí wọ́n ń wò, Hephzibah sì wà nínú wọn. Wọ́n ní kí oníkálukú wá ohun tó wà ní àyíká rẹ̀, kó fi ọ̀nà méjèèjì ka nǹkan kan náà láìlo ẹ̀rọ olówó ńlá kankan, kó sì kọ ohun tó rí ránṣẹ́ kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ajé tó lù. Ọjọ́bọ̀ la wà nígbà náà.

"Ìgbà kẹfà tí mo máa kọ̀wé síbi báyìí nìyí," ó wí, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "Tí wọ́n bá tún dá mi padà, Dádì, ó tán nìyẹn. Mi ò ní kọ òmíràn."

Mi ò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọmọ mi kí n máa wò. Mo ro ohun tó wà ní àyíká wa tó ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò sẹ́ni tó mọ èyí tó kàn. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ tó fi dé ẹnu mi.

"Ṣọ́ọ̀ṣì," mo ní.

Aláṣọ funfun ni wá, ní Ìgàndó ni ilé ìsìn wa wà. Tí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán ní ọjọ́ Ìsinmi, a kì í tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn á dìde lójú ẹsẹ̀ nítorí ó ti gbé ìrẹsì kaná. Òmíràn á tún kúnlẹ̀, á máa bá Ọlọ́run rojọ́. Òmíràn ń dúró de wòlíì, òmíràn kàn ń sùn lórí ìjókòó. Èmi sì ni olórí àwọn tó ń tọ́jú èrò, èmi ni mo máa ń ka orí tí mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí náà ta ló tún yẹ kó wà nínú ilé bí kò ṣe èmi? Èmi ni màá ka àwọn tó kù.

"Ta ló máa wá ka àwọn tó ń jáde?" Hephzibah bèèrè.

Àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Matilda, ni. Láti ogún ọdún ni ìjókòó rẹ̀ ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó máa kọjá níbẹ̀ tí kò ní mọ irú oúnjẹ tó jẹ lánàá. Òun náà ló bá mi tọ́ Hephzibah lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ oorun sùn.

"Kí ni kí n máa kà?" Àǹtí Matilda bèèrè nígbà tí a lọ bẹ̀ ẹ́.

"Àwọn tó bá jáde, Bíìgì Mọ́mì. Tí ẹnìkan bá ti kọjá, kí ẹ ju ẹyọ ẹ̀wà kan sínú abọ́."

"Ẹ̀wà olóyin àbí ẹ̀wà funfun?"

"Èyíkéyìí, Mà."

"Olóyin ni màá lò. Iṣẹ́ Olúwa ni."

Bàbá Olùṣọ́ wa, Adéwọlé, gbà wá láyè, ó kàn ní kí a má jẹ́ kí àwọn èrò mọ̀, kí wọ́n má bàa máa rìn bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, ó ku ẹyọ kan. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú àpò sùtánà mi. Bí a ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, mo tẹ aago mi. Igba orí ó lé méjìlá ló wà nínú ilé.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ òpó, mo ń kà wọ́n ní ìṣẹ́jú méjì méjì, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ku mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Hephzibah jókòó tì mí, ó ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí fóònù. Ó ní tí a bá pín in dọ́gba, ènìyàn kan ń lo bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kó tó jáde. Ó di mọ́ mi. "Dádì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti nútírọ́ọ̀nù mu!"

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé inú ilé ìsìn ni mo wà, mo súfèé.

A wá jáde lọ gba abọ́ ẹ̀wà. Igba ó lé méjìlá, tí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n bá kúrò níbẹ̀, ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́fà ló yẹ kó jáde. Mo da ẹ̀wà sórí àga, mo kà á. Márùndínlọ́gọ́jọ ni. Mo tún un kà. Hephzibah kà á. Márùndínlọ́gọ́jọ náà ni. Ẹ̀wà mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò sí níbẹ̀. Bí ọmọ mi ṣe fi ẹ̀wà ṣe ìṣirò tirẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá wa di mẹ́tàdínlógún.

"Àǹtí mi," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò sùn lọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí láti òkè délẹ̀. "Èmi? Kí n sùn?"

"Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọjá lójú yín, ẹ ò rí wọn. Ṣé wọ́n fò ni?"

"Zacchaeus, ìwọ ni kó o lọ yẹ ojú ẹ wò jàre. Kò sí àgbàlagbà kan tó jáde níhìn-ín tí mi ò ju ẹ̀wà fún. Mo tiẹ̀ ju tìẹ náà nísinsìnyí tó o ń bọ̀, mo sì tún yọ ọ́ nígbà tí mo rí i pé ìjà lo bá wá."

Mo yẹ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wò. Títì ló wà, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Mo yẹ fèrèsé wò, irin wà lára gbogbo wọn. Mo padà wá, mo sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí n sọ, mo ní àgbà ti ń dé sí ẹ̀gbọ́n mi lójú. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ Àkòwọ́njọ lọ. Abọ́ rẹ̀ ló gbàgbé.

Hephzibah jókòó sórí àkàsọ̀, ó ń wo ẹ̀wà. A ò lè tún un ṣe. Ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ kò ní tíì dé kí àkókò tó tán, àwọn tó sì máa ń wá kò tó ogójì.

"Fi tèmi nìkan ránṣẹ́," mo wí fún un. "Tèmi pé. Tàbí kó o fi ẹ̀wà mọ́kànlélọ́gbọ̀n kún ti Àǹtí mi, kó bára mu. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀, Dádì."

Bó ṣe sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹn, ojú tì mí. Èmi tí mo ń bá gbogbo Ìkọ̀tún jà nítorí ìṣẹ́jú méjì, èmi ni mo ń kọ́ ọmọ mi ní bí a ṣe ń yí aago síwájú. Mo ní kó dìde, ká lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi ná. Ìyókù, Ọlọ́run á ṣe é.

A ra búrẹ́dì ńlá kan lọ́nà. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù nígbà tí a dé Àkòwọ́njọ. Àǹtí mi wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú Rashidat, aládùúgbò rẹ̀, tó pọn ọmọ kan, tó gbé ọmọ kan lọ́wọ́, tí àwọn mìíràn sì ń sáré yí i ká. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ̀gbọ́n mi gba búrẹ́dì, kò gba ẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n má dọ̀tí aṣọ tí òun kọ́ ló máa fọ̀ ọ́.

Nítorí kí ọ̀rọ̀ lè rọ̀ díẹ̀, mo yíjú sí Rashidat. "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ọmọ mélòó lẹ ti wá ní báyìí?"

Àǹtí mi fi búrẹ́dì gbá mi léjìká. "Zacchaeus! Ṣé ìyá wa ò kọ́ ẹ ni? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ka ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn?"

"Mo kàn ń bèèrè ni..."

"Má bèèrè! Wọ́n pọ̀, Ọlọ́run á dá wọn sí, ó tán. Ka ẹ̀wà, ka owó, ka ohun tó bá wù ẹ́. A kì í ka ọmọ nílé tiwa."

Rashidat rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó ọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n Hephzibah ò rẹ́rìn-ín. Ó ti yọ bàtà lẹ́sẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bíìgì Mọ́mì. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn pọ̀n jáde láàárọ̀ yìí, ṣé ẹ ju ẹ̀wà fún wọn?"

"Fún ọmọ?" Àǹtí mi wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti ń gbóná. "Ṣé irú mi ló máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, kí n máa ka ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ká má rí i!"

Mo fọwọ́ borí. Èmi tí mo wà nínú ilé, orí ni mo ń kà. Orí tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, orí ni. Ìyá kan náà ló kọ́ àwa méjèèjì pé a kì í ka ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi rántí. Èmi, láti ìgbà tí mo ti ń fi kíka nǹkan jẹun, mo ti gbàgbé.

"Ó ṣì yẹ ká mọ̀ bóyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n lóòótọ́," Hephzibah ní. Ó pe Báyọ̀dé, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí fóònù. Báyọ̀dé máa ń kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó bá wá, títí kan ọmọ ọwọ́. Mo ní kó sọ iye wọn fún wa.

"Kò gbọdọ̀ sọ iye kankan!" Àǹtí mi gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ mi. "Báyọ̀dé, orúkọ ni kó o máa pè. Pè wọ́n ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Ó wọlé, ó gbé ẹ̀wà àti àwo òfìfo kan jáde. Báyọ̀dé ń pe orúkọ, ẹ̀gbọ́n mi ń ju ẹ̀wà. Olúwadọ̀tun, ẹ̀wà kan. Tolúwalọpẹ́, ẹ̀wà kan. Bí orúkọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde ló ń ní, "Á dàgbà, á dògbó." Nígbà tí orúkọ tán, ó ti àwo náà sọ́dọ̀ mi. "Ó yá, ka ẹ̀wà ẹ. Èmi ò ka ọmọ kankan."

Mo kà á. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni.

Inú mi bà jẹ́. "Ó fi méjì lé."

"Dádì, ẹ rọra rò ó. Ta ló ṣì wà nínú ilé nígbà tí ẹ ka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n?"

Mo dijú, mo padà sí ẹ̀gbẹ́ òpó mi. Bàbá kan tó ń sùn. Àwọn akọrin. Happiness, ìyàwó Charles tó ń lu dùùrù, ń dúró de wòlíì... Mo lanu. Ọmọ Happiness kan wà lórí itan rẹ̀, èkejì ń fi ìwé orin ṣeré nílẹ̀! Hephzibah mú ẹ̀wà méjì kúrò nínú àwo.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ẹ wo bí mo ṣe pariwo! Àwọn aládùúgbò yọjú ní fèrèsé. Mo gbé ẹ̀gbọ́n mi sókè tòun ti àwo ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀wà fọ́n káàkiri ilẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ojú rẹ̀ dáa, ojú tèmi ni kò ríran. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí n gbé òun sílẹ̀ kí n ṣa ẹ̀wà òun.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú ìsọ̀ mi, ni Hephzibah ti kọ ọ́ ránṣẹ́. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó kọ mẹ́rìnlá, ó kọ mẹ́tàdínlógún, ó kọ̀wé nípa Àǹtí Matilda. Ó túmọ̀ ìparí rẹ̀ fún mi: "Ẹni tó ka àwọn tó kù kò purọ́. Ẹni tó ka àwọn tó jáde náà kò purọ́. Àwọn kan jáde lójú ẹni tó ń ṣọ́nà, ṣùgbọ́n wọn kò sí lára ohun tó gbà pé ó yẹ ní kíkà. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín, ohun tí màá kọ́kọ́ bèèrè ni ohun tí aṣọ́nà tiyín kì í kà." Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún ló tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo wò ó lára aago mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ìdáhùn tó dé. Hephzibah sáré wọ inú ìsọ̀ tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mú un. Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Wọ́n ní kó bá àwọn kí ìyá tó ń ju ẹ̀wà. Àǹtí mi ní kó sọ fún wọn pé wọ́n káre, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa wọ aṣọ òtútù fún ọmọ òun.

Láti ìgbà yẹn ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń ka ṣọ́ọ̀ṣì lọ́nà méjèèjì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́, ó kàn dùn mọ́ wa ni. Èmi ń ka àwọn tó kù, òun ń ju ẹ̀wà fún àgbàlagbà tó jáde. Báyọ̀dé ń pe orúkọ àwọn ọmọ, òun ń ju ẹ̀wà tiwọn, á ní wọ́n á dàgbà, wọ́n á dògbó. Oṣù mẹ́ta gbáko, iye wa kò yàtọ̀ síra rí.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ Ìsinmi tí Hephzibah máa lọ sókè òkun dé. Àpótí rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀ níta. A ṣe oore-ọ̀fẹ́, mo tẹ aago mi. Ó jókòó sínú sùtánà rẹ̀, ó dijú, ó ń gbàdúrà. Mo ń ka èrò, àmọ́ òun nìkan ni mo ń wò. Ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá, ó dìde, ó kúnlẹ̀ fún mi, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo súre fún un. Ó lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó pẹ́ kó tó tú u sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí èrò tán, mo gbé ìwé mi jáde, mo ka ẹ̀wà. Ẹyọ kan kò pé. Mo tún un kà. Ẹyọ kan kò pé.

"Àǹtí mi," mo ní, "ẹ̀wà kan dín."

"Mo mọ̀."

Mo ṣí ọwọ́ rẹ̀ wò. Ẹ̀wà kan wà níbẹ̀, ó ti lóoru.

"Ọmọ wa ni," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mi ò lè kà á mọ́ àwọn tó jáde."

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, à bá jà. Mo mú bírò. Iye tí ẹ̀gbọ́n mi kà ni mo kọ sílẹ̀. Mo wá lọ síbi tí mo kọ iye àwọn tó kù sí, mo fi ẹyọ kan kún un.